Ìbéèrè Ẹ̀yin Òǹkàwé: Báwo Ni Gáàsì Ṣe Ń Kúrò Nínú Omi Epo Inú Fuel Cell Kékeré?

Nínú àpilẹ̀kọ wa tí ó ṣáájú èyí, a ṣàlàyé ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní fuel cell, èyí tí ó ń gba epo àti afẹ́fẹ́ wọlé, tí ó sì ń pèsè iná mànàmáná láìdáná sun epo náà. A mẹ́nu ba irú rẹ̀ kan tí kò tóbi ju ohun tí ènìyàn lè fi ọwọ́ kan gbé lọ, tí ó ń lo mẹ́tánọ́ọ̀lù, irú ọtí kan tí ó jẹ́ májèlé, tí a bomi là. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni a fi sọ̀rọ̀ lórí bí gáàsì ṣe ń kúrò nínú omi epo náà, gbólóhùn yẹn gan-an sì ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn lẹ́tà tí ó wọlé dá lé. Ìdáhùn wa sí díẹ̀ nínú wọn nìyí.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Fóònù àti ẹ̀rọ sólà ni mo ń tún ṣe ní Ìbàdàn. Ẹ ní fuel cell kò jó epo, síbẹ̀ ẹ tún ní gáàsì ń jáde nínú rẹ̀. Níbo ni gáàsì náà ti ń wá, ṣé ó sì pọ̀ tó ohun tí ó yẹ kí ènìyàn máa dààmú lé lórí?

ÌDÁHÙN: Inú mẹ́tánọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀ ni gáàsì náà ti ń wá. Mólékù mẹ́tánọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan ní átọ́ọ̀mù kábọ́ọ̀nù kan nínú. Nígbà tí mẹ́tánọ́ọ̀lù àti omi bá pàdé lórí plátínọ́ọ̀mù àti rùtẹ́níọ́ọ̀mù, àwọn irin méjì tí wọ́n fi bo apá kan sẹ́ẹ̀lì náà, èyí tí a ń pè ní ánóòdù, mólékù náà á tú ká: ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù mẹ́fà á gba inú wáyà jáde lọ ṣiṣẹ́ iná, prótóònù mẹ́fà á gba inú awọ àárín kọjá sí apá kejì tí í ṣe kátóòdù, kábọ́ọ̀nù tí ó ṣẹ́kù á sì di carbon dioxide, gáàsì kan náà tí à ń mí síta. Iná kò jó lóòótọ́, ṣùgbọ́n kábọ́ọ̀nù kò lè pòórá. Ó gbọ́dọ̀ gba ibì kan jáde.

Ní ti bí ó ṣe pọ̀ tó, ó pọ̀ ju bí ènìyàn ṣe lè rò lọ. Mìlílítà kan péré mẹ́tánọ́ọ̀lù, tí kò kún ṣíbí, ni yóò di nǹkan bí mìlílítà 600 gáàsì ní ìwọ̀n ooru 25 °C nígbà tí ó bá ṣiṣẹ́ tán. Ẹ̀rọ Dynario tí ilé-iṣẹ́ Toshiba gbé jáde ní Japan ní oṣù kẹwàá ọdún 2009, láti máa fi gba iná sínú fóònù, ní àyè fún mìlílítà 14 mẹ́tánọ́ọ̀lù; bí gbogbo rẹ̀ bá ṣiṣẹ́, gáàsì tí yóò jáde á ju lítà 8 lọ. Bí a bá sì fi iná ṣe òṣùwọ̀n, sẹ́ẹ̀lì kan tí ó ń fún wa ní áńpíà kan ń pèsè nǹkan bí mìlílítà 2.5 gáàsì ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan. Nítorí pé sẹ́ẹ̀lì kan kì í sábà fúnni ju ìdajì fóòtì (volt) lọ lẹ́nu iṣẹ́, ńṣe ni wọ́n máa ń to sẹ́ẹ̀lì bíi mẹ́wàá léra, gáàsì náà á sì di ìlọ́po mẹ́wàá.

Omi lè gba díẹ̀ nínú gáàsì yìí mọ́ra, gẹ́gẹ́ bí ó ti wà nínú ìgò mínírà kí a tó ṣí i, ṣùgbọ́n lítà omi kan ní 25 °C kò lè gbà ju nǹkan bí gíráàmù 1.5 lọ bí a kò bá fún un pọ̀, omi tí ó wà nínú ẹ̀rọ kékeré kò sì ju ìwọ̀nba mìlílítà lọ. Kíá ni omi náà á ti yó, ìyókù gáàsì á sì di ìfóòfó. Ìfóòfó yìí ni wàhálà. Ó máa ń lẹ̀ mọ́ ojú plátínọ́ọ̀mù, ibi tí ó bá sì bò, mẹ́tánọ́ọ̀lù kò lè débẹ̀ mọ́. Ó máa ń dí ọ̀nà tóóró tí omi epo ń gbà. Bí ó bá wọ inú pọ́ǹpù, pọ́ǹpù náà á kàn máa fún gáàsì pọ̀, á sì tún máa tú u sílẹ̀, nígbà tí omi á dúró sójú kan. Ohun èlò tí ń wọn iye mẹ́tánọ́ọ̀lù inú omi náà á sì máa parọ́, nítorí pé kì í ṣe omi nìkan ni ó ń kan ara rẹ̀. Nítorí náà, ẹ máa rí i pé ọ̀pọ̀ ìgbà tí iná irú ẹ̀rọ yìí bá ń ṣe ségesège, epo kò tán, sẹ́ẹ̀lì kò sì bàjẹ́. Gáàsì ni kò rí ọ̀nà jáde.

ÌBÉÈRÈ: Ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga ni mí ní Àkúrẹ́, ìmọ̀ ẹ̀rọ ni mo ń kọ́. Gáàsì fúyẹ́ ju omi lọ, ó sì máa ń gòkè fúnra rẹ̀. Kí ló dé tí wọn kò kàn fi ike kékeré kan sí i, kí gáàsì wà lókè, kí omi wà nísàlẹ̀, kí wọ́n sì lu ihò sí orí ike náà?

ÌDÁHÙN: Ohun tí ẹ sọ yìí ni wọ́n ń ṣe nínú ẹ̀rọ ńlá. Níbi tí wọ́n ti ń wa epo rọ̀bì, àgbá gìrìwò ni wọ́n fi ń ya gáàsì kúrò lára epo, òòfà ilẹ̀ ni ó sì ń ṣe èyí tí ó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà láìgba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Àwọn fuel cell mẹ́tánọ́ọ̀lù tí ó ń dúró sójú kan náà lè lo irú ìlànà bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n ohun tí a ń gbé kiri kì í dúró sójú kan. Ẹni tí ó ni ín á kì í bọ àpò, á gbé e dùbúlẹ̀ sórí àga, á dojú rẹ̀ bolẹ̀ nínú báàgì, ihò tí a lu sókè á sì di ihò ìsàlẹ̀, tí epo á máa gbà dà sí ẹni náà láṣọ. Èyí nìkan ti tó láti mú kí a wá ọ̀nà mìíràn.

Ìdí kejì jinlẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, òun sì ni ó yẹ kí ẹni tí ń kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ mú ní ọ̀kúnkúndùn. Agbára tí ń gbé ìfóòfó gòkè dá lórí bí inú rẹ̀ ṣe gba àyè tó, nígbà tí agbára tí ó mú un lẹ̀ mọ́ ògiri dá lórí bí etí rẹ̀ tí ó kan ògiri náà ṣe gùn tó. Agbára kejì yìí ni ìfàmọ́ra ojú omi. Bí a bá dín fífẹ̀ ìfóòfó kù sí ìdá kan nínú mẹ́wàá, agbára tí ń gbé e gòkè á dín kù sí ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún, ṣùgbọ́n agbára tí ó dì í mú á kàn dín kù sí ìdá kan nínú mẹ́wàá. Fún ìfóòfó tí ó fẹ̀ tó mìlímítà 5, agbára méjèèjì kò jìnnà síra wọn. Fún èyí tí kò ju ìdajì mìlímítà lọ, agbára tí ó lè dì í mú ju èyí tí ń gbé e gòkè lọ ní ohun tí ó ju ìlọ́po ọgọ́rùn-ún. Nínú omi lásán, ààlà ibi tí òòfà ilẹ̀ ti ń fi ipò sílẹ̀ fún ìfàmọ́ra ojú omi wà ní nǹkan bí mìlímítà 2.7, ọ̀nà omi inú fuel cell kékeré kì í sì sábà fẹ̀ ju mìlímítà kan lọ. Ìyẹn ni pé, bí ẹ tilẹ̀ gbé ẹ̀rọ náà dúró ṣánṣán, tí ẹ sì búra pé ẹ kò ní yẹ̀ ẹ́, ìfóòfó náà lè jókòó sí ibi tí ó wà kí ó má sì gòkè rárá, títí tí yóò fi tóbi débi pé yóò dí ọ̀nà náà pátápátá. Nígbà tí ó bá dí ọ̀nà náà, agbára tí a nílò láti tì í kọjá ní ibi tí ọ̀nà ti fún wọ ìdajì mìlímítà lè tó ìwọ̀n omi tí ó ga ní sẹ̀ǹtímítà 6, èyí tí kì í ṣe nǹkan kékeré fún pọ́ǹpù tí kò tóbi ju èékánná lọ.

Ohun tí ó wá kù ni pé kí a gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ òòfà ilẹ̀, kí a sì gbé e fún ìfàmọ́ra ojú omi tí ó ti borí rẹ̀. Gbogbo ìdáhùn tí ó tẹ̀lé èyí dá lórí bí wọ́n ṣe ń ṣe é.

ÌBÉÈRÈ: Bàbá arúgbó tí ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ ni mí, Abẹ́òkúta ni mo ń gbé. Nígbà tí wọ́n gúnlẹ̀ sí òṣùpá, a gbọ́ pé fuel cell ni ó ń fún ọkọ̀ wọn ní iná àti omi mímu. Níbi tí kò ti sí òkè, tí kò sì sí ìsàlẹ̀, báwo ni wọ́n ṣe ń ya omi kúrò lára gáàsì?

ÌDÁHÙN: Ẹ ṣeun gan-an, Bàbá. Ibẹ̀ gan-an ni ọgbọ́n tí wọ́n ń dá nínú àwọn ẹ̀rọ kékeré òde òní ti ṣẹ̀ wá, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé háídírójìn àti ọ́síjìn ni epo tiwọn, kì í ṣe mẹ́tánọ́ọ̀lù.

Gemini 5, tí ó gbéra ní oṣù kẹjọ ọdún 1965, ni ọkọ̀ gbalasa òfurufú àkọ́kọ́ tí ó gbé ènìyàn tí ó sì lo fuel cell. Ilé-iṣẹ́ General Electric ni ó ṣe é. Nínú sẹ́ẹ̀lì rẹ̀, òwú ni wọ́n tẹ́ sí ojú ibi tí omi ti ń jáde; òwú náà ń fa omi mọ́ra, ó sì ń fi ọ́síjìn sílẹ̀ sí ẹ̀yìn, láìnílò òkè tàbí ìsàlẹ̀. Ẹ ò rí i pé ìfàmọ́ra ojú omi ni wọ́n ti ń lò láti ìgbà náà.

Nínú ọkọ̀ Apollo, èyí tí ó gbé wọn lọ sí òṣùpá, ọ̀nà mìíràn ni wọ́n gbà. Omi tí ó ń jáde gẹ́gẹ́ bí oru á bá háídírójìn lọ, wọ́n á mú kí ó tutù padà di omi, ẹ̀rọ tí ń yí bírí á sì gbọ̀n ọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ kúrò lára gáàsì. Omi náà mọ́, ó ṣeé mu, ṣùgbọ́n háídírójìn ti yọ́ sínú rẹ̀, bí ó bá sì ti kúrò níbi tí ìfúnpá ti pọ̀, háídírójìn náà á tú jáde ní ìfóòfó, inú àwọn arìnrìn-àjò náà á sì máa wú. Ó bí wọn nínú tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi fẹjọ́ rẹ̀ sùn. Wọ́n wá ṣe ohun èlò kékeré kan tí wọ́n ń so mọ́ ẹnu ibi tí omi ti ń jáde, tí ó ní awọ méjì nínú, ọ̀kan tí omi ń gbà kọjá àti ọ̀kan tí gáàsì nìkan ń gbà kọjá. Apollo 11 gbé irú rẹ̀ lọ ní 1969. Kò yọ gbogbo gáàsì náà tán, ṣùgbọ́n ọgbọ́n awọ méjì yẹn kò kú.

ÌBÉÈRÈ: Nọ́ọ̀sì ni mí ní London. Fílítà kan wà tí a máa ń so mọ́ ọ̀nà dírípù. Afẹ́fẹ́ tí ó bá wà nínú ọ̀nà náà ń gba ihò kan ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jáde, ṣùgbọ́n oògùn kì í gba ibẹ̀ jò. Ṣé ohun tí ẹ ń sọ nìyẹn? Báwo ni ihò náà ṣe ń mọ èyí tí ó jẹ́ afẹ́fẹ́ yàtọ̀ sí èyí tí ó jẹ́ omi?

ÌDÁHÙN: Ohun náà gan-an ni, àpẹẹrẹ yín sì tan ìmọ́lẹ̀ sí ọ̀rọ̀ náà ju èyí tí àwa ìbá mú wá lọ. Nínú fílítà yẹn, awọ méjì ni ó wà: ọ̀kan fẹ́ omi, oògùn ń gba inú rẹ̀ lọ sí ara aláìsàn, èkejì kọ omi, afẹ́fẹ́ tí ó há sí ẹ̀yìn awọ àkọ́kọ́ ń gba inú rẹ̀ bọ́ síta.

Awọ tí ó kọ omi ni kí a dúró lé lórí. PTFE ni wọ́n sábà fi ń ṣe é, ohun kan náà tí a mọ̀ sí Teflon, tí ó wà lára ìkòkò tí oúnjẹ kì í lẹ̀ mọ́. Wọ́n máa ń nà án títí tí ara rẹ̀ á fi kún fún ihò wínníwínní, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò fẹ̀ ju máíkírómítà kan lọ, bẹ́ẹ̀ ẹgbẹ̀rún máíkírómítà ni ó wà nínú mìlímítà kan. Àwọn ènìyàn a máa rò pé omi kò lè kọjá nítorí pé ihò náà kéré jù fún un. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Mólékù omi kéré ju ihò náà lọ lọ́nà ọgọ́rọ̀ọ̀rún. Ohun tí ó dá omi dúró ni pé ara Teflon kò fà á mọ́ra: omi á ká jọ róbótó lórí rẹ̀ bí omi orí ewé kókò, igun tí ó fi kan awọ náà á sì tó nǹkan bí 110 dígírì. Omi tí ó bá dé ẹnu ihò báyìí á yọ ikùn síta, kò ní wọlé àfi bí a bá fi agbára tì í, bí ihò náà bá sì ṣe kéré sí i ni agbára náà gbọ́dọ̀ pọ̀ sí i. Ní ìṣirò, ihò tí ó fẹ̀ ní máíkírómítà kan lè dá omi lásán dúró títí tí ìfúnpá á fi súnmọ́ bar 1, ìyẹn nǹkan bí ìfúnpá afẹ́fẹ́ tí ó yí wa ká. Èyí tí ó fẹ̀ ní máíkírómítà 0.2 lè dá a dúró títí á fi súnmọ́ bar 5. Gáàsì ní tirẹ̀ kò ní ojú tí ó lè ká jọ, nítorí náà ìlẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ fún un. Ihò náà kò mọ nǹkan kan. Omi fúnra rẹ̀ ni ó ń kọ̀ láti wọlé.

Ní inú fuel cell kékeré, wọ́n lè fi awọ yìí ṣe òrùlé yàrá ánóòdù, tàbí kí wọ́n gbé e sínú àpótí pẹlẹbẹ kan tí omi epo ń gbà kọjá lẹ́yìn tí ó bá ti kúrò nínú sẹ́ẹ̀lì. Ó di dandan kí ìfóòfó fara kan awọ náà kí ó tó lè jáde, nítorí náà ẹni tí ó bá gbọ́n á fi awọ sí ojú méjèèjì àpótí náà, á sì jẹ́ kí àárín rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ débi pé ìfóòfó kò ní rí ibi tí yóò fara pamọ́ sí láìkan ọ̀kan nínú awọ méjèèjì, ì báà jẹ́ pé ẹ̀rọ náà dúró, ó dùbúlẹ̀, tàbí ó dorí kodò.

Ibi tí ọ̀rọ̀ fuel cell ti yàtọ̀ sí ti dírípù ni mẹ́tánọ́ọ̀lù. Ìfàmọ́ra ojú omi lásán jẹ́ nǹkan bí mílínútọ̀n 72 fún mítà kan; ti mẹ́tánọ́ọ̀lù tí kò ní àbùlà kò ju nǹkan bí 22 lọ. Mẹ́tánọ́ọ̀lù tí kò ní àbùlà kì í ká jọ lórí Teflon, ńṣe ni ó ń tẹ́, tí ó sì ń rin inú ihò rẹ̀ lọ títí tí yóò fi yọ ní òdìkejì. Bí a bá bomi là á, ewu náà á dín kù, ó sì dára pé nínú omi ánóòdù, mẹ́tánọ́ọ̀lù kì í sábà ju ìdá 3 sí 6 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, nítorí pé bí ó bá pọ̀ jù bẹ́ẹ̀, á máa yọ́ gba inú awọ àárín kọjá sí kátóòdù, níbi tí yóò ti ṣòfò. Síbẹ̀, bí ooru ṣe ń pọ̀ sí i ni ìfàmọ́ra ojú omi ń dín kù sí i, ẹ̀rọ tí ó ń ṣiṣẹ́ ní 60 °C kò sì ní ààbò tí èyí tí ó tutù ní. Ìdọ̀tí tí ó jọ ọṣẹ, tí ó bá ti ara rọ́bà tàbí àtè kan yọ́ sínú omi náà, lè ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Bí ihò kan bá sì ti rin, kì í tètè gbẹ padà.

Nǹkan mìíràn tún wà tí àwọn tí ń polówó ẹ̀rọ kì í sábà sọ. Awọ náà dá omi dúró, ṣùgbọ́n kò dá omi tí ó ti di oru dúró. Ní 60 °C, nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún gáàsì tí ń jáde ni ó jẹ́ oru omi, mẹ́tánọ́ọ̀lù díẹ̀ sì ń bá a lọ, èyí tí í ṣe epo tí a fi owó rà. Bí afẹ́fẹ́ òde bá tutù, oru yìí lè padà di omi sí ẹ̀yìn awọ náà, kí ó sì dí i láti ìta. Ní tiwa, bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún wa pé ẹ̀rọ òun ń ya gáàsì ní gbogbo ìdúró, ohun tí a ó kọ́kọ́ bi í ni pé: ní ìwọ̀n ooru wo, pẹ̀lú mẹ́tánọ́ọ̀lù tí ó ki tó báwo, mélòó nínú epo náà ni ó sì ń bá gáàsì lọ?

ÌBÉÈRÈ: Púlọ́ńbà ni mí ní Ìjẹ̀bú-Òde. Bí afẹ́fẹ́ bá há sínú páìpù, a máa ń tún bí páìpù náà ṣe tẹ̀ ṣe ni. Ṣé àwọn náà kò lè lo bí ọ̀nà ṣe rí, kí wọ́n fi awọ sílẹ̀?

ÌDÁHÙN: Wọ́n lè lò ó, àwọn kan sì ti ṣe é. Bí ìfóòfó kan bá há sínú ọ̀nà tí ògiri rẹ̀ fẹ́ omi, tí ọ̀nà náà fún ní ìbẹ̀rẹ̀ tí ó sì ń fẹ̀ sí i díẹ̀díẹ̀, ìhà ibi tí ó fún á máa tẹ ìfóòfó náà ju ìhà ibi tí ó fẹ̀ lọ, ìfóòfó náà á sì máa rìn lọ sí ibi tí ó fẹ̀ láìsí pé ẹnikẹ́ni tì í. Àwọn onímọ̀ ní yunifásítì ìlú Freiburg ní Jámánì fi ọgbọ́n yìí ṣe fuel cell mẹ́tánọ́ọ̀lù kan tí gáàsì rẹ̀ ń kó ara rẹ̀ jáde, tí ìrìn gáàsì náà sì ń fa epo tuntun wọlé lẹ́yìn rẹ̀, débi pé kò nílò pọ́ǹpù oníná. Ní yunifásítì UCLA ní Amẹ́ríkà, wọ́n ti gbẹ́ ihò tí ó kọ omi sí ara ọ̀nà náà, kí ìfóòfó máa lẹ̀ mọ́ ibẹ̀ kí ó sì jáde. Wọ́n tún fi bí ìfóòfó ṣe ń wú tí ó sì ń tú ṣe pọ́ǹpù.

Iṣẹ́ tí ó wú wa lórí ni, nítorí pé ohun tí ó jẹ́ ìdíwọ́ ni wọ́n sọ di òṣìṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ mọ páìpù á lóye ibi tí ó kù sí: bí ìdọ̀tí bá lẹ̀ mọ́ ògiri tàbí tí ògiri náà kò bá dán dáadáa, ìfóòfó á dì mọ́ ibẹ̀, nítorí pé agbára tí ń tì í kò pọ̀. Bí iná tí a nílò bá pọ̀, gáàsì á yára ju bí irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ ṣe lè kó o lọ, a ó sì padà sórí awọ.

ÌBÉÈRÈ: Mo ń ṣiṣẹ́ ní Birmingham pẹ̀lú àwọn tí ń gbé kámẹ́rà sí ẹ̀gbẹ́ títì. Fuel cell mẹ́tánọ́ọ̀lù ni ó ń fún kámẹ́rà náà ní iná. Omi máa ń kán láti ẹnu rọ́bà tí afẹ́fẹ́ ń gbà jáde. Ṣé ohun tí ń ya gáàsì ni ó ti bàjẹ́ ni?

ÌDÁHÙN: Rárá, kò bàjẹ́. Omi apá kátóòdù ni ẹ ń rí. Níbẹ̀, ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ àti prótóònù tí ó gba inú awọ àárín kọjá ń pàdé di omi: mólékù mẹ́ta fún mẹ́tánọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan, nígbà tí ánóòdù ń lo ẹyọ kan péré. Yàtọ̀ sí èyí, prótóònù kọ̀ọ̀kan máa ń fa bíi mólékù omi méjì sí mẹ́ta dání nígbà tí ó bá ń kọjá. Nítorí náà, ánóòdù á máa gbẹ, kátóòdù á máa kún. Ẹ̀rọ náà gbọ́dọ̀ mú kí afẹ́fẹ́ tí ń jáde tutù, kí ó ya omi inú rẹ̀ sọ́tọ̀, kí ó sì dá èyí tí ó pọ̀ jù padà sí ánóòdù. Ìwọ̀nba tí ó bá ṣẹ́kù ni ó ń bọ́ sílẹ̀ yẹn. Ẹ kàn rí i dájú pé rọ́bà náà dagun sísàlẹ̀, kí omi má ba à dì sínú rẹ̀ nígbà òtútù. Bí ó bá dì, gáàsì kò ní rí ọ̀nà jáde, ẹ̀rọ náà á sì kú.

ÌBÉÈRÈ: Ní Òkìtìpupa níhìn-ín, ògógóró kì í wọ́n wa. Ṣé a kò lè dà á sínú ẹ̀rọ yìí dípò mẹ́tánọ́ọ̀lù?

ÌDÁHÙN: Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe dán an wò. Ẹtánọ́ọ̀lù ni ọtí inú ògógóró. Mólékù rẹ̀ ní átọ́ọ̀mù kábọ́ọ̀nù méjì tí ó so mọ́ra, plátínọ́ọ̀mù kì í sì tètè já ìdè náà ní ìwọ̀n ooru kékeré, nítorí náà iná tí ẹ ó rí kò ní tó nǹkan. Ìfàmọ́ra ojú ẹtánọ́ọ̀lù kéré bíi ti mẹ́tánọ́ọ̀lù, ògógóró sì ki ju omi ánóòdù lọ ní ìlọ́po púpọ̀, á rin awọ tí ń ya gáàsì kíá.

Èyí tí ó burú jù ni kí ẹnikẹ́ni ṣe òdìkejì rẹ̀, kí ó gbé ìgò mẹ́tánọ́ọ̀lù sí ibi tí ọtí wà. Ẹ̀yin ará agbègbè yẹn kò ní gbàgbé oṣù kẹrin ọdún 2015, nígbà tí àwọn ènìyàn ń kú ní Òde-Ìrèlè, tí ojú àwọn mìíràn sì fọ́, tí a kọ́kọ́ pè é ní àrùn àdììtú kí wọ́n tó rí i pé mẹ́tánọ́ọ̀lù inú ọtí ìbílẹ̀ ni. Nítorí irú ewu yìí ni ìlànà àgbáyé tí ó wà fún ààbò fuel cell kékeré fi ka jíjò epo àti ohun tí ń bá gáàsì jáde sí ọ̀rọ̀ pàtàkì.

ÌBÉÈRÈ: Olùkọ́ físíìsì ni mí ní Òṣogbo. Ṣé nǹkan kan wà tí mo lè fi han àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi láìsí fuel cell lọ́wọ́?

ÌDÁHÙN: Ó wà, kò sì wọ́n. Ẹ wá fílítà ẹnu síríńjì méjì ní ibi tí wọ́n ti ń ta ohun èlò yàrá àyẹ̀wò: ọ̀kan tí awọ rẹ̀ jẹ́ PTFE tí ó kọ omi, ọ̀kan tí awọ rẹ̀ jẹ́ náílọ́ọ̀nù, kí ihò méjèèjì jẹ́ máíkírómítà 0.45. Ẹ fa omi tí a ti pa láró sínú síríńjì ńlá, mìlílítà 20 tàbí jù bẹ́ẹ̀, nítorí pé síríńjì kékeré lè mú kí ìfúnpá ga jù lọ́wọ́ yín. Omi á gba inú náílọ́ọ̀nù kọjá. Bí ẹ bá wá fi afẹ́fẹ́ tẹ̀lé e nígbà tí awọ náà ṣì rin, afẹ́fẹ́ á kọ̀ láti kọjá. Ní ti PTFE, afẹ́fẹ́ á kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́, omi á sì dúró sẹ́yìn, bí ọwọ́ yín kò bá ti le jù.

Lẹ́yìn náà, ẹ tú omi kúrò, kí ẹ fi spirit tí wọ́n ń lò ní ilé ìwòsàn fọ inú fílítà PTFE náà lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì fi omi aláró tẹ̀lé e kí ó tó gbẹ. Omi tí kò lè kọjá lẹ́ẹ̀kan á wá kọjá bí ẹni pé awọ náà kò sí níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fúnra wọn sọ ìdí rẹ̀ kí ẹ tó ṣàlàyé. Bí àyè bá gbà yín, ẹ gbẹ fílítà náà dáadáa, kí ẹ tún un ṣe pẹ̀lú spirit tí ẹ bomi là ní ìwọ̀n tí ó yàtọ̀ síra, kí ẹ sì kọ sílẹ̀ ìwọ̀n tí omi náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọjá.